Ẹ Bi Wá, A Ó Dáhùn: Bí a ṣe ń wá ilẹ̀ tí ará Írẹ́lándì kan ti ṣí lọ

Ọ̀pọ̀ lẹ́tà tó wọlé sí wa lẹ́nu àìpẹ́ yìí ló wá láti ọwọ́ àwọn òǹkàwé tí ọkọ wọn, aya wọn tàbí òbí wọn àgbà ṣẹ̀ wá láti Írẹ́lándì. Wọ́n fẹ́ mọ ibi pàtó tí ìdílé náà ti ṣí, kì í ṣe orúkọ orílẹ̀-èdè nìkan. A kó àwọn ìbéèrè náà jọ sójú kan, nítorí ohun tí ẹnì kan bèèrè ló máa ń ṣílẹ̀kùn fún ẹlòmíì.

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Boston ni èmi àti ọkọ mi ń gbé. Ìyá tó bí ìyá ìyá rẹ̀ ló wá láti Írẹ́lándì ní nǹkan bí ọdún 1880, Murphy sì ni orúkọ ilé bàbá rẹ̀. "Ireland" lásán ni wọ́n kọ sínú ìwé ikú rẹ̀. Mo tẹ orúkọ yẹn sórí ìkànnì ìjọba Írẹ́lándì, àwọn tó jáde kò lóǹkà. Níbo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Ìdáhùn: Ẹ kúrò lórí ìkànnì Írẹ́lándì ná, kí ẹ padà sí Boston. Kò sí orúkọ ìdílé tó wọ́pọ̀ tó Murphy ní Írẹ́lándì. Ẹni tó bá mú un dání láìmọ orúkọ bàbá, orúkọ ìyá àti ibùgbé wọn, ìdílé onídìílé ni yóò gbà mọ́ra. Àṣìṣe tí a ń rí jù lọ nìyí: ènìyàn á rí Mary Murphy kan tí ọjọ́ orí rẹ̀ sún mọ́ ti ìyá àgbà, á kọ ọ́ sínú ìtàn ìdílé, àwọn ìbátan á dà á kọ, kò sì ní pẹ́ tí kò fi ní sẹ́ni tó rántí mọ́ pé àfojúdá ni.

Ohun tí ẹ ń wá lórúkọ. Townland ni wọ́n ń pè é. Òun ni ìpín ilẹ̀ tó kéré jù lọ ní Írẹ́lándì, wọ́n sì lé ní 60,000. Kì í ṣe abúlé bí a ṣe mọ abúlé. Ó lè jẹ́ ilẹ̀ oko tí ìdílé mélòó kan péré ń gbé. Àwọn townland ló para pọ̀ di civil parish (páríìṣì ti ìjọba, kì í ṣe ti ìjọ), civil parish di barony, barony di county, county sì jẹ́ 32 ní gbogbo erékùṣù náà. Orúkọ kan náà máa ń wà ní ibi púpọ̀. Bí àpẹẹrẹ, Kilmore wà káàkiri, nítorí náà tí wọ́n bá sọ fún yín pé "Kilmore ni wọ́n ti wá", iṣẹ́ kò tíì parí. Ẹ ní láti mọ Kilmore ti county wo, ti páríìṣì wo.

Àǹfààní ńlá ni pé Massachusetts lẹ wà. Láti 1841 ni ìpínlẹ̀ yẹn ti ń kọ ìbí, ìgbéyàwó àti ikú sílẹ̀, ní àsìkò tí ìyá àgbà yín sì dé, orúkọ bàbá àti ìyá tọkọtaya máa ń wà nínú àkọsílẹ̀ ìgbéyàwó. Ẹ kọ́kọ́ gba ìyẹn. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá rẹ́jísítà ìjọ Kátólíìkì tí wọ́n ti so wọ́n pọ̀. Níbi tí ìwé ìjọba kọ "Ireland" sí, àwọn fadá kan máa ń kọ páríìṣì tí ìyàwó ti wá. Púpọ̀ nínú rẹ́jísítà àwọn ìjọ Kátólíìkì àgbègbè Boston ló ti wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ wo òkúta ibojì àti ìkéde òkú nínú ìwé ìròyìn pẹ̀lú, torí àwọn ará Írẹ́lándì fẹ́ràn láti fín orúkọ páríìṣì àti county wọn sórí òkúta. Ìwé ìròyìn Boston Pilot tẹ ìkéde àwọn tó ń wá ìbátan wọn jáde láti 1831 títí di 1921. Nínú ìkéde wọ̀nyí, wọ́n máa ń dárúkọ county àti páríìṣì, nígbà mìíràn townland gan-an.

Ìwé tí wọ́n fi di ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà kò ní ràn yín lọ́wọ́ tààrà nípa ìyá yìí. Kí ó tó di 1922, ìwé ọkọ ló ń sọ aya di ọmọ ilẹ̀. Àwọn ìwé tó ṣáájú oṣù kẹsàn-án 1906 náà kì í sábà sọ ju pé ẹni náà kọ ọba tàbí ọbabìnrin Gẹ̀ẹ́sì sílẹ̀. Ṣùgbọ́n tí arákùnrin rẹ̀ kan bá gba tirẹ̀ lẹ́yìn 1906, ọjọ́ ìbí àti ibi tí wọ́n ti bí i gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Ìdí nìyí tí a fi ń tẹnu mọ́ ọn: ẹ má dúró lórí ẹnì kan ṣoṣo. Ẹ wá ẹ̀gbọ́n, ẹ wá àbúrò, ẹ wá èyí tó di obìnrin ajẹ́jẹ̀ẹ́, ẹ wá èyí tí kò lọ́mọ. Ẹ kọ orúkọ àwọn ẹlẹ́rìí ìgbéyàwó àti òbí ìrìbọmi àwọn ọmọ sílẹ̀. Nínú ìkànìyàn Amẹ́ríkà ti 1900 àti 1910, ẹ wo àwọn tó bá wọn gbé inú ilé kan náà àti àwọn ará ilé kejì. Àwọn ará Írẹ́lándì kì í ṣàdédé ṣí. Ẹnì kan á ṣáájú, á ṣiṣẹ́, á fi owó ọkọ̀ ránṣẹ́, ẹ̀gbọ́n á pe àbúrò, àbúrò á pe ọmọ àdúgbò. Ẹni tó yá yàrá nílé wọn lè jẹ́ ẹni tí ìwé rẹ̀ máa dárúkọ páríìṣì tí ẹ ń wá.

Nígbà tí orúkọ bàbá àti ti ìyá bá ti wà lọ́wọ́ yín, ó kù kí ẹ padà sórí irishgenealogy.ie. Ọ̀fẹ́ ni. Àkọsílẹ̀ ìbí tó ti lé ní 100 ọdún, ìgbéyàwó tó lé ní 75, àti ikú tó lé ní 50 ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú àwòrán ojú ìwé gan-an. Ẹ má retí ìbí ìyá àgbà fúnra rẹ̀ níbẹ̀ o. Ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kìn-ín-ní 1864 ni ìjọba Írẹ́lándì bẹ̀rẹ̀ sí í forúkọ gbogbo ọmọ tuntun sílẹ̀. Tó bá jẹ́ ọmọ ogún ọdún nígbà tó dé Boston, wọ́n ti bí i kí ó tó di ìgbà yẹn. Àwọn àbúrò rẹ̀ ni kí ẹ wá, láàárín 1864 àti 1875. Orúkọ ìdílé ìyá kì í sábà hàn nínú àbájáde ìwákiri fún àwọn ọdún àkọ́kọ́ yẹn, nítorí náà ẹ ó máa ṣí àwòrán náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Iṣẹ́ sùúrù ni, ṣùgbọ́n inú àwòrán ni townland wà, àti orúkọ ilé bàbá ìyá ọmọ. Ọjọ́ tí ẹ bá rí ọmọ méjì tàbí mẹ́ta tí bàbá kan náà àti ìyá kan náà bí ní townland kan náà, tí orúkọ wọn bá ti àwọn àbúrò tó wà ní Boston mu, ẹ ti débẹ̀.

Ìbéèrè: Wọ́n sọ fún mi pé iná jó gbogbo ìwé Írẹ́lándì ní 1922. Ṣé kí n má wulẹ̀ da ara mi láàmú?

Ìdáhùn: Iná jó lóòótọ́, kò jó gbogbo rẹ̀. Ní ọjọ́ 30 oṣù kẹfà 1922, nígbà ogun abẹ́lé, ilé àkójọ ìwé ìjọba tó wà nínú ọgbà Four Courts ní Dublin bú gbàmù, ó sì jóná. Èyí tó pọ̀ jù nínú ìkànìyàn 1821, 1831, 1841 àti 1851 lọ síbẹ̀, pẹ̀lú àwọn ìwé ìpíngún àti ohun tó ju ìdajì lọ nínú rẹ́jísítà ìjọ Áńgílíkà ti Írẹ́lándì. Ìkànìyàn 1861 àti 1871 kò dúró de iná. Ìjọba fúnra rẹ̀ ló ti bà wọ́n jẹ́ tipẹ́. Ti 1881 àti 1891, wọ́n lọ̀ wọ́n di ìwé tuntun nígbà Ogun Àgbáyé Kìn-ín-ní.

Àwọn tó ṣẹ́kù ló yẹ kí ẹ mọ̀: rẹ́jísítà ìjọ Kátólíìkì, ti Présíbítéríà, àkọsílẹ̀ ìbí, ìgbéyàwó àti ikú, ìwé ìdíyelé ilẹ̀, àti ìkànìyàn 1901 àti 1911 lódindi. Àwọn ìwé tó jóná pàápàá, wọ́n ti ń wá ẹ̀dà wọn jọ láti ibi gbogbo sórí ìkànnì Virtual Record Treasury of Ireland, tó ṣí ní oṣù kẹfà 2022. Tó bá jẹ́ ẹlẹ́sìn Áńgílíkà ni ìdílé yín, ìròyìn náà le díẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ wádìí bóyá rẹ́jísítà páríìṣì tiwọn wà lára èyí tó yè, kí ẹ tó ná kọ́bọ̀.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n bàbá ńlá ìyàwó mi, tó kù sílé ní County Mayo, jẹ́ ẹni ọdún 58 nínú ìkànìyàn 1901. Ní 1911 ó ti di 73. Ṣé èèyàn méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni?

Ìdáhùn: Ó ṣeé ṣe dáadáa kí ó jẹ́ ẹnì kan náà. Láàárín ìkànìyàn méjèèjì yẹn ni owó ìfẹ̀yìntì àwọn arúgbó dé. Òfin rẹ̀ jáde ní 1908, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í san án ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kìn-ín-ní 1909, ẹni tó bá pé ẹni 70 ọdún sì lè gbà tó ṣílè márùn-ún lọ́sẹ̀. Kò sí ẹni tí wọ́n bí ṣáájú 1864 tó ní ìwé ìbí ìjọba lọ́wọ́. Ọ̀pọ̀ kò mọ ọjọ́ orí wọn gan-an tẹ́lẹ̀, owó yìí sì mú kí wọ́n ṣírò rẹ̀ sókè. Tí ọjọ́ orí ìkànìyàn méjèèjì bá ta ko ara wọn, èyí tó wà nínú 1901 la máa ń gbà gbọ́ jù, ṣùgbọ́n a kì í fi ṣe ẹ̀rí. Orúkọ aya, orúkọ àwọn ọmọ àti townland ni kí ẹ fi mọ̀ ọ́n.

Ọ̀rọ̀ owó ìfẹ̀yìntì yìí fi ohun iyebíye sílẹ̀ fún yín. Láti mọ̀ bóyá arúgbó kan ti pé 70 lóòótọ́, àwọn òṣìṣẹ́ ní Dublin máa ń lọ wo ìkànìyàn 1841 àti 1851, èyí tí kò tíì jóná nígbà náà. Fọ́ọ̀mù ìwádìí wọn ṣì wà, lọ́fẹ̀ẹ́, lórí ìkànnì National Archives of Ireland. Orúkọ ẹni tó bèèrè wà níbẹ̀, orúkọ bàbá àti ìyá rẹ̀, orúkọ ilé bàbá ìyá náà, townland, páríìṣì àti county. Nígbà mìíràn, òṣìṣẹ́ náà á da gbogbo ará ilé tó rí nínú ìkànìyàn 1851 kọ sísàlẹ̀. Ẹ wá fọ́ọ̀mù ẹ̀gbọ́n tó kù sílé yìí. Bàbá ńlá tó ṣí lọ lè wà níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọmọ ọdún mẹ́ta nílé bàbá rẹ̀.

Nínú ìkànìyàn 1911, ẹ má ka orúkọ nìkan. Wọ́n bi obìnrin tó wà nílé ọkọ ní ọdún mélòó tó ti lò níbẹ̀, ọmọ mélòó ló bí láàyè, mélòó ló ṣì wà láyé. Tí ìyá kan bá bí 9, tí 7 ṣì wà láyé, tí 2 péré sì wà nínú ilé, ẹ mọ̀ pé ọmọ 5 wà níbòmíràn, ẹ sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá wọn ní Amẹ́ríkà, ní Gẹ̀ẹ́sì tàbí ní ilé ọkọ. Ẹ ṣí fọ́ọ̀mù B1 tó tẹ̀ lé e pẹ̀lú. Ó sọ bóyá òkúta ni ògiri ilé náà tàbí amọ̀, bóyá koríko ló wà lórí rẹ̀, fèrèsé mélòó ló kọjú síta, àti orúkọ ẹni tó ni ilẹ̀. Ìkànìyàn tó tẹ̀ lé èyí ni ti ọjọ́ 18 oṣù kẹrin 1926, ti county 26 tó di orílẹ̀-èdè olómìnira. Òfin ní kí ó di gbangba lẹ́yìn 100 ọdún.

Ìbéèrè: Mo ti mọ páríìṣì wọn ní County Cork. Mo ṣí rẹ́jísítà rẹ̀ lórí ìkànnì, èdè Látìn ló wà níbẹ̀, ìkọ̀wé rẹ̀ kò sì ṣeé kà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lọ́yẹ̀.

Ìdáhùn: Ìkànnì registers.nli.ie ti Ilé Ìkàwé Àpapọ̀ Írẹ́lándì lẹ wà yẹn. Wọ́n gbé e jáde ní 2015, rẹ́jísítà páríìṣì Kátólíìkì tó lé ní 1,000 ló wà níbẹ̀, púpọ̀ nínú wọn dé nǹkan bí ọdún 1880. Àwòrán nìkan ni. Kò sí àpótí tí ẹ lè tẹ orúkọ sí. Àwọn ìkànnì ìtàn ìdílé Ancestry àti Findmypast ti ṣe àtẹ orúkọ fún un, ṣùgbọ́n àwọn tó kọ àtẹ náà ṣi orúkọ púpọ̀ kà. Ẹ fi àtẹ wá ojú ìwé, kí ẹ sì fi ojú ara yín ka àwòrán.

Látìn tó wà níbẹ̀ kò pọ̀. Ká ní ẹ rí ìlà kan báyìí: *Bapt. Brigidam f. l. Patritii Sullivan et Honorae Leary. Sp. Joannes Leary et Joanna Sullivan.* Bapt. ni pé ó ṣèrìbọmi fún ọmọ náà. Brigidam ni Bridget. F. l. dúró fún ọmọ tí wọ́n bí nínú ìgbéyàwó. Patritii ni bàbá, Patrick. Honorae ni ìyá, Honora, ẹ sì rí i pé orúkọ ilé bàbá rẹ̀, Leary, ni fadá kọ fún un, kì í ṣe ti ọkọ. Sp. ni àwọn òbí ìrìbọmi, àwọn méjèèjì sì jẹ́ orúkọ ìdílé ìyá àti ti bàbá: ó ṣeé ṣe kí wọ́n jẹ́ àbúrò òbí ọmọ náà. Ìlà kan yìí ti fún yín lẹ́ni márùn-ún. Ẹ da gbogbo rẹ̀ kọ, títí kan àwọn tí ẹ rò pé kò kàn yín.

Orúkọ inú rẹ́jísítà lè má jọ èyí tí ẹ mọ̀. Jacobus ni James, Gulielmus ni William, Carolus ni Charles. Ẹni tí rẹ́jísítà pè ní Honora lè jẹ́ Nora, Hannah tàbí Hanora ní Amẹ́ríkà. Bridget lè di Delia. Ní Cork àti Kerry, Jeremiah àti Darby lè jẹ́ ẹnì kan náà, Owen àti Eugene náà bẹ́ẹ̀, nítorí orúkọ Írẹ́lándì kan náà ló wà nídìí wọn. O' àti Mac iwájú orúkọ ìdílé máa ń wọlé, ó sì máa ń jáde: bàbá lè jẹ́ Sullivan, kí ọmọ jẹ́ O'Sullivan. Ẹni tó bá tìtorí "O" sọ pé ìdílé ọ̀tọ̀ ni, ó ti gbé ìdílé rẹ̀ jù nù.

Ohun mẹ́ta ló ń ṣi àwọn èèyàn lọ́nà nínú rẹ́jísítà wọ̀nyí. Páríìṣì Kátólíìkì kì í ṣe ohun kan náà pẹ̀lú civil parish, ààlà wọn kò bára mu, orúkọ wọn náà lè yàtọ̀. Ẹ lo àwòrán ilẹ̀ tó wà lórí ìkànnì náà. Èkejì, páríìṣì ìyàwó ni ìgbéyàwó ti sábà máa ń wáyé, àkọ́bí náà lè ṣe ìrìbọmi níbẹ̀. Tí ẹ bá rí àbúrò mẹ́fà tí ẹ kò rí àkọ́bí, ẹ wo páríìṣì tó múlé gbè é. Ẹ̀kẹta, ẹ lè bá a pé ọjọ́ ìrìbọmi ṣáájú ọjọ́ ìbí tó wà nínú ìwé ìjọba. Kì í ṣe iṣẹ́ ìyanu. Ìjọba ń gba owó ìtanràn lọ́wọ́ òbí tó bá pẹ́ kí ó tó forúkọ ọmọ sílẹ̀, àwọn òbí sì ń sún ọjọ́ ìbí síwájú kí wọ́n má bàa san án. Ọjọ́ tí fadá kọ ni kí ẹ gbà.

Ní ti ibi tí rẹ́jísítà ti bẹ̀rẹ̀, kò dọ́gba. Àwọn ìlú ńlá àti ìhà ìlà-oòrùn ní èyí tó ti pẹ́. Ní ìwọ̀-oòrùn, níbi tí òṣì ti pọ̀ jù, òmíràn kò bẹ̀rẹ̀ títí di àárín ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Ẹ wo ọdún ìbẹ̀rẹ̀ páríìṣì yín kí ẹ tó fi oṣù kan wá ìrìbọmi ọdún 1820 níbi tí kò lè sí.

Ìbéèrè: Mo rí Patrick Sullivan mẹ́ta nínú Griffith's Valuation, ní páríìṣì kan ṣoṣo. Èwo ni tiwa?

Ìdáhùn: Griffith's Valuation ni ìdíyelé ilẹ̀ àti ilé tí Richard Griffith ṣe kí wọ́n lè mọ iye owó orí tí oníkálùkù yóò san. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde láàárín 1847 àti 1864, ó sì wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí askaboutireland.ie. Orúkọ ẹni tó ń lo ilẹ̀ nìkan ló wà níbẹ̀, kò sí aya, kò sí ọmọ, ẹni tó ń sùn nílé onílé kò sì sí.

Ẹ wo orúkọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta náà dáadáa. Tí townland kan bá ní ẹni méjì tó ń jẹ́ orúkọ kan náà, wọ́n máa ń fi nǹkan ya wọ́n sọ́tọ̀: orúkọ bàbá á tẹ̀ lé e, bíi "Patrick Sullivan (John)", tàbí kí wọ́n fi àgbà àti kékeré pè wọ́n. John tó wà nínú àkámọ́ yẹn lè jẹ́ ìran kan sí i tí ẹ kò retí. Lẹ́yìn náà, ẹ fi townland tó wà nínú ìwé ìrìbọmi àwọn ọmọ dán wọn wò. Kò sí ọ̀nà mìíràn tó dájú.

Ẹ ṣọ́ra fún àwòrán ilẹ̀ tó wà lórí ìkànnì náà. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni àwòrán náà jẹ́ ti ọdún tó tẹ̀ lé ìwé ìdíyelé, nọ́ńbà oko inú ìwé lè má bá nọ́ńbà orí àwòrán mu mọ́. A ti rí àwọn tó fò lọ dúró lórí oko tí kì í ṣe tiwọn nítorí èyí. Ìwé àtúnṣe tó tẹ̀ lé Griffith, èyí tí wọ́n ń fi yíǹkì aláwọ̀ oríṣiríṣi kọ bí ilẹ̀ ṣe ń ti ọwọ́ ẹnì kan bọ́ sí ti ẹlòmíì, ló ń sọ èyí tó jẹ́ òtítọ́. Ti àwọn county mẹ́fà tó wà ní Northern Ireland wà lórí ìkànnì PRONI, ilé àkójọ ìwé ìjọba tó wà ní Belfast.

Tí ìdílé bá ti ṣí lọ nígbà Ìyàn Ńlá, 1845 sí 1852, nígbà tí àrùn ba pòtétò jẹ́, wọ́n lè má sí nínú Griffith rárá. Nǹkan bí mílíọ̀nù kan èèyàn ló kú, ó ju mílíọ̀nù kan lọ tó jáde. Nígbà náà, ẹ padà sí Tithe Applotment Books, 1823 sí 1837, ìwé ìdámẹ́wàá tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ àgbẹ̀. Àwọn ará ìlú kò sí níbẹ̀. Éékà Írẹ́lándì àtijọ́ ni wọ́n sì sábà máa ń lò, ó tó 1.62 éékà ti òde òní, nítorí náà ẹ má rò pé oko ìdílé náà fẹ̀ sí i nígbà tí ẹ bá dé Griffith.

Ìbéèrè: Ṣé orúkọ ọkọ̀ ojú omi tí wọ́n wọ̀ kò ní sọ ibi tí wọ́n ti wá?

Ìdáhùn: Ó ṣọ̀wọ́n, pàápàá fún àwọn tó ṣáájú 1890. Àwọn ìwé orúkọ èrò tó gúnlẹ̀ sí Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ ní 1820, ṣùgbọ́n "Ireland" ni wọ́n ń kọ sí iwájú ọ̀pọ̀ wọn. Ibùdókọ̀ náà kì í ṣe ẹ̀rí: ọ̀pọ̀lọpọ̀ ará Írẹ́lándì ló gba Liverpool jáde. Queenstown tí ẹ ó máa rí ni Cobh òde òní, ní Cork. Ẹni tó bá dé lẹ́yìn 1907 nìkan ló dára fún, torí láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń kọ orúkọ àti àdírẹ́sì ìbátan tó sún mọ́ èrò jù lọ nílé. Ẹ fi ọkọ̀ sí ìkẹyìn.

Ìbéèrè: Ẹ ń sọ̀rọ̀ Amẹ́ríkà nìkan. Melbourne ni àwa wà ńkọ́?

Ìdáhùn: Ẹ̀yin lẹ tilẹ̀ rí já jẹ jù. Láti 1853 ni ìwé ikú ìpínlẹ̀ Victoria ti ń kọ orúkọ bàbá àti ìyá olóògbé, pẹ̀lú orúkọ ilé bàbá ìyá náà, ibi tí wọ́n ti bí i, ọdún tó ti lò ní Australia, ẹni tó fẹ́ àti orúkọ àwọn ọmọ. New South Wales tẹ̀ lé e ní 1856. Ìwé ikú Írẹ́lándì fúnra rẹ̀ kò ní orúkọ òbí rárá láyé ìgbà náà. Ẹ kàn rántí pé òkú kọ́ ló sọ̀rọ̀. Ẹ wo ẹni tó lọ forúkọ sílẹ̀. Tó bá jẹ́ ọmọ rẹ̀ tí kò dé Írẹ́lándì rí, ẹ gba ìwé àwọn àbúrò olóògbé náà láti fi wé e.

Àwọn tí ìjọba san owó ọkọ̀ wọn wá sí New South Wales ní ìwé tó sọ ibi tí wọ́n ti bí wọn àti orúkọ òbí wọn. Tó bá jẹ́ ẹlẹ́wọ̀n tí wọ́n kó wá ni, county tí wọ́n ti dá a lẹ́jọ́ lè yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n ti bí i. Tó bá jẹ́ ọmọdébìnrin tó dé láàárín 1848 àti 1850 láìsí òbí, ẹ wò ó bóyá ó wà lára àwọn ọmọ òrukàn tó lé ní 4,000 tí wọ́n kó jáde láti ilé àwọn aláìní ní Írẹ́lándì. Orúkọ ilé náà á sọ àgbègbè yín fún yín.

Ìbéèrè: Ọmọ mi fẹ́ gba pásípọ́ọ̀tù Írẹ́lándì nítorí ìyá tó bí ìyá àgbà bàbá rẹ̀. Ṣé ó ṣeé ṣe?

Ìdáhùn: Lọ́nà yẹn, rárá. Òfin gbà kí ẹni tí bàbá àgbà tàbí ìyá àgbà rẹ̀ kan bá jẹ́ ọmọ bíbí erékùṣù náà, títí kan Northern Ireland, forúkọ sílẹ̀ nínú Foreign Births Register, ìwé orúkọ àwọn ọmọ Írẹ́lándì tí wọ́n bí sí òkè òkun. Fún ìran tó ga ju ìyẹn lọ, àfi tí òbí ọmọ náà bá ti forúkọ tirẹ̀ sílẹ̀ kí wọ́n tó bí ọmọ.

Ìbéèrè: Gbogbo ìwé ti tán, a kò rí páríìṣì. Ṣé àyẹ̀wò DNA lè sọ ọ́?

Ìdáhùn: Ìdá ọgọ́rùn-ún tí wọ́n máa kọ síwájú "Irish" kò ní mú yín dé oko ẹnikẹ́ni. Àwọn ìbátan tí orúkọ wọn jáde lẹ́yìn àyẹ̀wò ló níye lórí. Ẹni tó dàgbà jù nínú ìdílé ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò, kí ẹ tó yẹ ọmọ wò, nítorí ìran kọ̀ọ̀kan ń pàdánù ìdajì ohun tó gbà. Ẹni tí ẹ jọ ní baba ńlá kan náà tí ẹ bá ka ìran mẹ́rin sẹ́yìn, ó ṣeé ṣe dáadáa kí DNA fi hàn. Tó bá di ìran karùn-ún, nǹkan bí ìdajì irú ìbátan bẹ́ẹ̀ kò ní jáde rárá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìbátan tòótọ́ ni wọ́n. Nítorí náà, àìjáde ẹnì kan kò túmọ̀ sí pé kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ yín.

Ẹ ya àwọn tó bára wọn tan níhà Írẹ́lándì yẹn sọ́tọ̀, kí ẹ kọ̀wé sí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Ẹ má bi wọ́n pé "Báwo la ṣe jẹ́?" Ọ̀pọ̀ kò mọ̀, wọn kò sì ní dáhùn. Ẹ bi wọ́n ní ìbéèrè kan tó rọrùn: townland tàbí páríìṣì wo ni àwọn òbí wọn àgbà ti wá, kí ẹ sì sọ orúkọ ìdílé tiyín fún wọn. Tí ẹni mẹ́ta tí kò mọra wọn bá dárúkọ páríìṣì kan náà, ẹ ṣí rẹ́jísítà páríìṣì yẹn, kí ẹ wá orúkọ bàbá àti ìyá tí ẹ ti rí ní Boston tàbí ní Melbourne. Tí tọkọtaya náà kò bá sí níbẹ̀, ẹ yẹ àwọn páríìṣì tó yí i ká wò kí ẹ tó jáwọ́.